Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Orúkọ Kan Náà Lára Ọkọ̀ Ogun Ojú Omi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Àgbẹ̀ tí ó ń dáko ní ìgbèríko Ìbàdàn, ìbáà jẹ́ ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ọ̀nà-Àrà, kò wá ẹni tí yóò túmọ̀ òwe yìí fún un. Ó mọ̀ pé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ti so, tí a sì ti gé èso rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Ọmọ tí ó ti hù sí ìdí rẹ̀ ni yóò dìde rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, ẹni tí ó ni oko náà yóò ṣì máa nawọ́ sí ibẹ̀, yóò máa wí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí bàbá òun gbìn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ewé kan ṣoṣo lára èyí tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn tí ó ṣẹ́kù lórí ilẹ̀. Èyí tí ó kú ti kú. Èyí tí ó wà láàyè ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Irú àṣà yìí wà láàrin àwọn ọmọ-ogun ojú omi ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Bí ọkọ̀ ogun kan bá rì, tàbí tí ó gbó tí wọ́n wó o fún àwọn onírin, orúkọ rẹ̀ kì í sábà bá a lọ. Wọn a gbé orúkọ náà pamọ́, títí ọkọ̀ tuntun yóò fi dé tí wọn yóò sọ ní orúkọ náà. Báyìí ni ọkọ̀ méjì, mẹ́ta, tàbí márùn-ún ṣe ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ní ìtẹ̀léra. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará etí òkun nìkan. Ṣùgbọ́n orúkọ kan tí ó ti gorí ọkọ̀ ogun ju ọ̀kan lọ ní orílẹ̀-èdè yìí ni Ìbàdàn, ìlú tí kò sí lẹ́bàá òkun, tí ọkọ̀ ogun kankan kò sì lè dé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ará Àkànrán àti ará Lálúpọn bí ó ti kan ará Àpápá. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé: nígbà tí ohun tuntun bá gba orúkọ ohun àtijọ́, kí ni ó jogún gan-an, kí sì ni kò lè jogún?

Orúkọ, Ara àti Oríkì

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo bí àwọn Yorùbá ti mú ọ̀rọ̀ orúkọ. Bí bàbá àgbà bá kú, tí a sì bí ọmọkùnrin sínú ilé náà láìpẹ́, Babátúndé ni ọmọ náà yóò máa jẹ́. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni, tí ìyá àgbà sì ti lọ, Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ ni. Ìtumọ̀ orúkọ wọ̀nyí hàn gbangba: ẹni tí ó lọ ni ó padà wá. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé gbèsè tí bàbá àgbà jẹ ka orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ pé òun ni ó jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí yóò wí pé ọmọ náà ni ó gbin kòkó tí ó wà lóko. Orúkọ náà so ọmọ mọ́ bàbá àgbà, ṣùgbọ́n kò sọ wọ́n di ẹnì kan.

Oríkì tún wà. Oríkì orílẹ̀ jẹ́ ohun ìní gbogbo ìdílé. Bí a bá ki ọmọ ìdílé kan, a ó máa ka iṣẹ́ akin tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe sí i lórí bí ẹni pé òun ni ó ṣe é, orí ọmọ náà yóò sì wú. Ọmọ náà mọ̀ pé òun kò sí níbi ogun tí wọ́n ń kì. Ohun tí oríkì ń ṣe ni pé ó ń fi ojúṣe lé ọmọ lọ́wọ́: bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ ti ṣe nìyí, má ṣe dójú tì wọ́n. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ṣùgbọ́n oríkì ọ̀tọ̀, ìtàn ọ̀tọ̀. Bí ìtàn bá dé, a ó béèrè pé ta ni, níbo ni, ọdún wo sì ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ohun kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá oríkì mu lára ọkọ̀ ogun wọn. Bí ọkọ̀ kan bá jà dáadáa nínú ogun kan, wọn a fún un ní ẹ̀yẹ ogun náà, wọn a sì kọ orúkọ ogun náà àti ọdún rẹ̀ sára pákó kan tí a gbé kọ́ sínú ọkọ̀. Orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n ń fún ní ẹ̀yẹ yìí, kì í ṣe irin tí a fi kan ọkọ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ náà bá lọ tí òmíràn sì gba orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ tuntun yóò gbé pákó ẹ̀yẹ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kọ́, yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Ọkọ̀ márùn-ún ni ó ti jẹ́ Ark Royal nínú ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Èkíní jẹ́ ọkọ̀ onígi aláṣọ ìgbòkun tí wọ́n kàn ní 1587, tí ó sì jagun pẹ̀lú àwọn ará Sípéènì ní 1588. Ẹ̀kẹta ni àwọn ará Jámánì rì ní oṣù kọkànlá ọdún 1941. Ẹ̀karùn-ún, ọkọ̀ ńlá tí ọkọ̀ òfurufú ń gbéra láti orí rẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985 tí ó sì fẹ̀yìn tì ní 2011. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irínwó ọdún láàrin èkíní àti ẹ̀karùn-ún, síbẹ̀ orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́.

Òfin kan wà nínú àṣà yìí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀: ọkọ̀ méjì kì í jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà nínú agbo ọmọ-ogun kan. Èyí tí ó wà níwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, tàbí kí ó kọ́kọ́ bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, kí èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn tó lè gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ tí a rán sí ọ̀kan yóò máa ṣìnà lọ sọ́dọ̀ èkejì. Nítorí náà ni a fi ń rí àlàfo ọdún díẹ̀ láàrin ọkọ̀ kan àti èkejì nígbà mìíràn.

Ọkọ̀ Mẹ́ta Tí Ó Jẹ́ Nàìjíríà

Orúkọ orílẹ̀-èdè yìí pàápàá ti wà lára ọkọ̀ ogun mẹ́ta, ìtàn wọn sì ni ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù.

Èkíní kì í ṣe ọkọ̀ wa rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ín. Ó kan ọ̀wọ́ àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá kan, ó sì fi orúkọ àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba rẹ̀ sọ wọ́n: Fiji, Kenya, Jamaica, Gambia, Nigeria àti àwọn mìíràn. Wọ́n ti ọkọ̀ Nàìjíríà sínú omi ní 1939, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1940. Ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 555, àgbá ńlá méjìlá ni ó sì gbé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1942, ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí ó ń sin àwọn ọkọ̀ ẹrù lọ sí erékùṣù Malta, níbi tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun àwọn ènìyàn. Ọkọ̀ abẹ́ omi Ítálì kan tí ń jẹ́ Axum ta ohun ìjà abúgbàù lù ú ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà. Ènìyàn kú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò rì. Ó rọra fà padà, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà sójú ogun.

Lẹ́yìn ogun, Gẹ̀ẹ́sì ta ọkọ̀ yìí fún Íńdíà. Ní 1957, Íńdíà yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mysore, ó sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1985. Ní 1999, Íńdíà gbé ọkọ̀ tuntun jáde, ó sì sọ òun náà ní Mysore. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ́ mọ́ra: irin kan náà jẹ́ Nàìjíríà, ó tún jẹ́ Mysore, orúkọ Mysore kan náà sì wà lára irin méjì. Ara kan lè pa orúkọ dà, orúkọ kan sì lè pa ara dà. Ẹni tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yóò ṣìnà nínú ìtàn.

Ìgbà tí ọkọ̀ ńlá yẹn bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ ní 1957 bọ́ sí àsìkò tí orílẹ̀-èdè wa ń dá ọmọ-ogun ojú omi tirẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1956 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1959, Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Hare lé wa lọ́wọ́. Nígbà ogun Hitler ni wọ́n kàn án fún kíkó àdó olóró tí ọ̀tá rì sínú omi kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀. Ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 225, kò tó ìdajì èkíní. Òun ni wọ́n sọ ní Nàìjíríà, òun sì ni ọkọ̀ àgbà fún gbogbo àwọn yòókù. Kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó fi di 1962, ó ti kúrò lọ́wọ́ wa, wọ́n sì wó o.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí orílẹ̀-èdè yìí fi owó ara rẹ̀ ní kí wọ́n kàn fún òun. Ilẹ̀ Họ́láńdì ni wọ́n ti kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965. Ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 360. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967, ọkọ̀ yìí ni ó ṣe àgbà fún àwọn ọkọ̀ tí ó kó àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ lọ gúnlẹ̀ sí Bonny ní ìparí oṣù náà. Ní 1981, a bọ́ orúkọ Nàìjíríà kúrò lára rẹ̀, a sì sọ ọ́ ní Obuma. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ àgbà tuntun, Aradu, tí wọ́n kàn ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èdè Haúsá ni Aradu, àrá sì ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kà nínú ìwé kan pé ọ̀tá ta ọkọ̀ Nàìjíríà lójú omi Mẹditaréníà ní 1942, tí ó kà nínú ìwé mìíràn pé Nàìjíríà ń kó àdó olóró kúrò lójú omi, tí ó sì tún kà pé Nàìjíríà gúnlẹ̀ sí Bonny ní 1967, ó lè rò pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ni, àti pé ìdílé méjì ni wọ́n ti wá. Ẹ̀yẹ Malta tí èkíní gbà, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. A kì í fi oríkì ilé kan ki ọmọ ilé mìíràn nítorí pé orúkọ wọn papọ̀.

Ọkọ̀ Ìbàdàn

Àwọn ọkọ̀ tí ó jẹ́ Ìbàdàn kéré púpọ̀ sí ìwọ̀nyí. Wọ́n wà lára ọ̀wọ́ ọkọ̀ kéékèèké tí Gẹ̀ẹ́sì kàn láti máa ṣọ́ ẹnu èbúté nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò gùn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 117 lọ. Ní àwọn ọdún 1960, orílẹ̀-èdè wa ní díẹ̀ nínú wọn, orúkọ ìlú ni a sì fi sọ wọ́n: Ẹnúgu, Kàdúná, Bìní, Ìbàdàn.

Nígbà tí ìhà Ìlà-oòrùn ya kúrò lára Nàìjíríà ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967, ọkọ̀ Ìbàdàn bọ́ sí ọwọ́ wọn. Àwọn ará Biafra ń lò ó fún ogun tiwọn. Báyìí ni ọkọ̀ tí ń jẹ́ Nàìjíríà àti ọkọ̀ tí ń jẹ́ Ìbàdàn ṣe wà ní ìhà méjì nínú ogun kan. Kí ọdún 1967 tó parí, ọkọ̀ Ìbàdàn ti rì sínú omi ìhà Ìlà-oòrùn, ọwọ́ àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ ni ó sì ti pàdé òpin rẹ̀. Ìbọn Nàìjíríà ni ó rì í.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sùn sínú omi. Kí ogun tó parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, orílẹ̀-èdè wa ti tún gba irú ọkọ̀ kékeré náà sí i lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ń jẹ́ Bryansford nínú wọn ni wọ́n tún sọ ní Ìbàdàn. Àwọn tí wọ́n ń kọ àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ń pè é ní Ìbàdàn kejì, kí wọ́n má baà dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ó rì.

Kò sí ẹni tí kò ní lóye ìdí tí wọ́n fi dá orúkọ náà padà. Bí orúkọ ìlú ńlá kan bá bá omi lọ, tí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò dà bí ẹni pé a gbà pé ó ti sọnù. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1942, àwọn ará Japan ṣe ọkọ̀ ńlá Lexington léṣe títí ó fi di dandan kí ó rì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń kan ọkọ̀ ní Quincy, níbi tí wọ́n ti kan Lexington yẹn, wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn tí a fẹ́ sọ ní Cabot. Wọ́n bẹ ìjọba pé kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà gba orúkọ èyí tí ó kú, ìjọba sì gbà. Lexington tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1943. Ẹ̀ẹ̀mélòó kan ni àwọn ará Japan kéde pé àwọn ti rì í, tí ó sì tún yọ lójú omi, títí ó fi gba ìnagijẹ iwin. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni ó fún un lórúkọ, àkúdàáyà ni wọn ìbá pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo orúkọ kọ́ ni a ń dá padà. Nígbà tí ọkọ̀ Hood ti Gẹ̀ẹ́sì rì ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, ó lé ní 1,400 ènìyàn tí ó bá a lọ, ènìyàn mẹ́ta péré ni ó yè. Kò sí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí ó tíì jẹ́ Hood láti ìgbà náà.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàrin Lexington àti Ìbàdàn. Ọ̀tá láti òkè òkun ni ó pa Lexington. Kò sí ẹni tí ojú ń tì láti sọ ìtàn rẹ̀. Ìjà ọmọ ìyá ni ó pa Ìbàdàn kìíní. Bí a bá gbé pákó ẹ̀yẹ kọ́ sínú Ìbàdàn kejì, kí ni à bá kọ sí i nípa ẹni tí ó jogún? Níbí ni orúkọ ti lè di ohun ìbojú. Ẹni tí ó bá rí Ìbàdàn lórí àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ní 1966, tí ó tún rí Ìbàdàn ní 1970, lè rò pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin méjèèjì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin wọn ni ogun ọgbọ̀n oṣù, tí ó gba ẹ̀mí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìhà méjèèjì.

Ohun kan tún wà. Àwọn tí wọ́n ni orúkọ náà lórí ilẹ̀ kò sinmi ní àsìkò yìí. Ní ìparí ọdún 1968 àti ní 1969, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn dìde lòdì sí owó orí tí ó wúwo jù fún wọn. Ìjà Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn, Àkànrán sì wà lára ibi tí ó ti gbóná jù. Kòkó tí irú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ń gbìn wà lára ohun tí orílẹ̀-èdè yìí ń tà sí òkè òkun láti rí owó. Orúkọ ìlú wọn wà lójú omi lára ọkọ̀ ogun. Àwọn fúnra wọn kò rí ọ̀nà tí ó dára láti gbé kòkó dé ọjà. Ẹni tí ó bá fi orúkọ ìlú sọ ọkọ̀ gba ohun kan lọ́wọ́ ìlú náà, ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé òun jẹ ìlú náà ní nǹkan.

Ìlú Pàápàá Ń Ṣe Bẹ́ẹ̀

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn kìíní àti Ìbàdàn kejì ya ọmọ Ìbàdàn lẹ́nu, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn ìlú náà rí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lágelú, akọni tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú lónìí, ni ó tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó. Ogun tú u nítorí pé wọ́n fi egúngún ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́kù sá lọ sórí òkè, wọ́n ń jẹ òro àti ìgbín, oríkì ìlú náà kò sì gbàgbé ìgbín àti òro yẹn títí dòní. Nígbà tí ara rọ̀ wọ́n, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ Ìbàdàn kejì dó. Òun náà tú nígbà rògbòdìyàn tí ó tẹ̀ lé ogun Òwu. Ní nǹkan bí 1829, àwọn jagunjagun láti Ìfẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá sọ ibẹ̀ di bùdó, bùdó náà ni ó sì di Ìbàdàn kẹta, tí ó wà títí di òní. Àwọn tí ó tẹ ẹ̀kẹta dó kọ́ ni ọmọ àwọn tí ó tẹ èkíní dó. Orúkọ nìkan ni ó so wọ́n pọ̀.

Ìjàyè fi ìhà kejì hàn. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìjàyè Kúrunmí ní 1862, ìlú náà tú pátápátá. Àwọn púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì gbé orúkọ náà dání. Àdúgbò Ìjàyè wà níbẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ènìyàn padà sí ibi àtijọ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, wọ́n sì ń pè é ní Ìjàyè Òrílé. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, 'òrílé', ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí 'kejì' ń ṣe lára ọkọ̀. Ó ń sọ fún olùgbọ́ pé: Ìjàyè kan wà, òmíràn wà, ohun kan ṣẹlẹ̀ láàrin wọn, ẹ béèrè.

Ní Ìgbà Tiwa

Àṣà náà kò tíì dópin nínú ọmọ-ogun ojú omi wa. Ní 1976, ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wíwọn ìjìnlẹ̀ òkun àti yíya àwòrán ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Lana ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí òun ti gbó, wọ́n kan òmíràn ní ilẹ̀ Faransé fún iṣẹ́ kan náà. Ó dé sí Nàìjíríà ní 2021, Lana ni òun náà ń jẹ́. Èyí rọrùn láti lóye, nítorí pé iṣẹ́ ni ó jogún pẹ̀lú orúkọ.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí wọ́n ti dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ, èyí tí ó yàtọ̀ sí fífi orúkọ kan sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lára àwọn ọkọ̀ ayára bí àṣá tí a gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Ekpe, Damisa, Agu àti Ẹkùn wà. Ẹranko kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí: Ekpe ni àwọn Ẹ́fíìkì ń pè é, Damisa ni àwọn Haúsá, Agu ni àwọn Ígbò, Ẹkùn sì ni àwa. Bákan náà ni a sọ àwọn ọkọ̀ kan tí Amẹ́ríkà fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ní Kyanwa, Ológbò àti Nwamba. Níhìn-ín, orúkọ pọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn ogun tí ọkọ̀ Nàìjíríà àti ọkọ̀ Ìbàdàn ti wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó bá ronú yóò rí ohun tí ó dára nínú pé kí ẹkùn ilé kọ̀ọ̀kan wà nínú agbo kan.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Fi Kọ́ Ọmọ

Láti inú gbogbo èyí, ohun kan ni ó yẹ kí olùkọ́ tẹ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí. Orúkọ ń jogún iyì, ó ń jogún ojúṣe, ó sì ń jogún ìrètí àwọn tí ó fún un. Kò lè jogún ikú ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè san gbèsè rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkọ̀ tuntun lè wọ aṣọ orúkọ àtijọ́, ṣùgbọ́n ìyà tí èyí tí ó ṣáájú jẹ kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá orúkọ ọkọ̀ ogun pàdé nínú ìwé, kí ó má ṣe fi orúkọ nìkan ṣe ẹ̀rí. Kí ó wá ọdún rẹ̀. Kí ó wá orílẹ̀-èdè tí ó ni ín nígbà náà, nítorí pé ọkọ̀ a máa yí ọwọ́ padà. Kí ó sì béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀: ṣé ó gbó ni, ṣé wọ́n tà á ni, tàbí ó rì? Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọmọ ilé-ìwé tí ó wà ní Moníyà tàbí ní Ìyànà Ọ̀fà lè fi ìbéèrè kan náà wádìí abúlé tirẹ̀: ta ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí, ìgbà mélòó ni ibẹ̀ ti tú, àwọn wo sì ni ó tún un tẹ̀ dó? Àwọn àgbàlagbà tí ó lè dáhùn ń dín kù lójoojúmọ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Èyí dára, nítorí pé oko kò gbọdọ̀ ṣófo. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí ó bá mọ oko rẹ̀ dáadáa yóò lè fi ibi tí ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wó sí hàn ọ́. Ìbàdàn tí ó rì ní 1967 yẹ ní ẹni tí yóò fi ibi tí ó wó sí hàn àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.